Ohun Tí Mo Kọ Sára Ilẹ̀kùn Màmá Mi

Kò sí ọmọ tí wọ́n bí sínú agbo ilé wa ní Òmù-Àrán tí kì í ṣe màmá mi ló kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ti gbé ìyá àti ọmọ dé láti ọsibítù, màmá mi ni wọ́n máa ránṣẹ́ pè. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ọmọ náà sórí ojúgun wọn, wọ́n á fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ kúnná. Wọ́n á fi omi gbígbóná tẹ orí rẹ̀ kí ó lè rí roboto. Wọ́n á na apá, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á gbé e jù sókè kí ó má baà di ojo, ìyá ọmọ á ké nínú yàrá, màmá mi á bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n bá fi òrí pa á tán, ọmọ náà á ti sùn lọ.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ màmá mi nìyẹn. Mo ní "wọ́n gbà", bí ẹni pé ọwọ́ tèmi mọ́ níbẹ̀. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò sì ní díbọ́n pé inú kò bí mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Kókó kan ló yọ sí màmá mi lọ́rùn. Gbogbo ilé ní gẹ̀gẹ̀ ni. Gẹ̀gẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, kò sì sí ẹni tó tìtorí rẹ̀ sá fún wọn. Tòun ti gẹ̀gẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń wẹ ọmọ, àwọn ọmọ náà sì ń na ọwọ́ fà á. Ìgbà tí ohùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí há ni a gbé wọn wá sí Ìlọrin, tí dókítà ní jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n gé ohun tó wú náà kúrò, wọ́n ní ó ku díẹ̀ tí ọ̀bẹ kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, pé oògùn kan wà ní Ìbàdàn tó máa bá a dé ibi tó sá sí.

Áyódìn ni oògùn náà. Ó wà nínú iyọ̀ tí à ń jẹ, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ yìí, agbára kan ń tú jáde lára rẹ̀ tí ojú kò lè rí. Ibi tí irú jẹjẹrẹ yìí bá fara pamọ́ sí ló máa wá a lọ, tí á sì jó o níbẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹni tó bá gbé e mì, agbára yẹn á máa jáde láti ara tirẹ̀ náà fún ọjọ́ mélòó kan. Kì í ṣe pé ó máa pa ẹni tó bá kí i, àmọ́ kò dára kí aláboyún tàbí ọmọdé wà nítòsí rẹ̀ títí ọjọ́ yẹn á fi pé.

Èmi sì nìyí, oyún oṣù mẹ́rin wà nínú mi, oyún àkọ́kọ́ tí mo fi ọdún mẹ́fà wá. Nítorí náà, àbúrò mi ọkùnrin ló tẹ̀ lé màmá lọ sí Ìbàdàn. Èmi jókòó sí Ìlọrin níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní èdè Yorùbá, mò ń gbọ́ ohun gbogbo lórí fóònù.

Màmá mi fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ fún mi. Wọ́n ní ọkùnrin kan gbé ìkòkò kékeré kan wọlé tó wúwo bí òkúta, pé òjé ni wọ́n fi ṣe é, ó mú hóró oògùn kan jáde nínú rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e mì. "Kí n tó mì í tán, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ṣé èmi ni mo wá di ejò báyìí?" Wọ́n ní àwọn nìkan ni àwọn wà nínú yàrá náà, pé ẹnu ilẹ̀kùn ni nọ́ọ̀sì ń gbé oúnjẹ sí, pé bí àwọn bá ní kí ó dúró kí àwọn bá a sọ̀rọ̀, á ní "Màmá, mò ń bọ̀," kò sì ní padà wá.

Ọjọ́ tí wọ́n máa dá wọn sílẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ kan wò ó bóyá ohun tó ń jáde lára wọn ti dín kù tó, wọ́n sì fún wọn ní ìwé kan. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà sáré kà á fún obìnrin tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kí wọ́n fọwọ́ sí i, màmá mi sì tẹ ìka. Ìgbà tí àbúrò mi kà á fún mi lórí fóònù, orí mi gbóná. Ìwé náà ní kí wọ́n sùn ní yàrá tiwọn, kí wọ́n lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tiwọn, kí wọ́n sì fa omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni wọ́n máa fà? Ṣáláńgá ni ilé wa ń lò, ìdílé mẹ́fà ló sì ń lò ó. Ẹni tó kọ ìwé yẹn kò wọ agbo ilé rí láyé rẹ̀. Kò sì sí ẹnìkan ní gbogbo ọsibítù yẹn tó bi màmá mi pé, "Màmá, báwo ni ilé yín ṣe rí?" Ìbéèrè kan péré ni.

Mo pe ọsibítù náà títí mo fi bá dókítà kan sọ̀rọ̀. Mi ò lè parọ́ mọ́ ọn, ó fara balẹ̀. Ó ní ti ṣáláńgá kò le, kí wọ́n máa da omi púpọ̀ tẹ̀ lé e, kí wọ́n sì fọ ọwọ́ dáadáa. Ó ní kí wọ́n máa mu omi, kí wọ́n lo abọ́ àti ife tiwọn, kí wọ́n fọ aṣọ wọn lọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sùn tì wọ́n. Ó ní aláboyún àti ọmọdé kò gbọdọ̀ sún mọ́ wọn fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí èyí tó kù tó lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Mo bi í pé báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ará ilé. Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn pé ó dà bí oòrùn. Ẹni tó bá jìnnà sí i, kò ní ta á. Bí alẹ́ bá sì lẹ́, á wọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Mo ra káàdìbọọ̀dù, mo jókòó, mo mú bírò aláwọ̀ pupa. Ẹni tó bá gbọ́n, "rédíéṣọ̀n" ni ì bá kọ síbẹ̀. Ará ilé kò ní mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì bèèrè. Ṣùgbọ́n tíṣà Yorùbá ni mí. Mo ti na ọmọ nítorí pé ó da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Yorùbá. Mo rò ó pé oòrùn ń ràn, òṣùpá ń ràn, kí ló dé tí oògùn kò ní ràn? Mo kọ ọ́ gàdàgbà, mo fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀:

OÒGÙN TÓ WÀ LÁRA MÀMÁ Ń RÀN. Ẹ MÁ ṢE SÚN MỌ́ WỌN FÚN ỌJỌ́ MẸ́RÌNLÁ. ALÁBOYÚN ÀTI ỌMỌDÉ KÒ GBỌDỌ̀ WỌLÉ. ABỌ́ WỌN Ọ̀TỌ̀, IFE WỌN Ọ̀TỌ̀, AṢỌ WỌN Ọ̀TỌ̀.

Mo tún un kà, inú mi dùn sí i. Mi ò rántí rárá pé bí oòrùn ṣe ń ràn, bẹ́ẹ̀ náà ni àrùn ń ràn, ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ràn, kúrúnà ń ràn. Àmì ohùn kan náà ni. Gbogbo àmì tí mo fi síbẹ̀, kò sí èyí tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọkọ̀ tí a háyà gbà Ìlọrin kọjá lọ sí Òmù-Àrán ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Mo lọ dúró dè wọ́n lójú títì, ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Màmá mi jókòó sẹ́yìn pátápátá, wọ́n gbé ọwọ́ sókè sí mi láti ojú fèrèsé. Àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀, ó sọdá wá gba káàdìbọọ̀dù náà lọ́wọ́ mi. Màmá mi na ìka sí ikùn mi lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbọ̀n mí bí ọkọ̀ ṣe lọ. Àbúrò mi lẹ káàdìbọọ̀dù náà mọ́ ilẹ̀kùn wọn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àwọn ará ilé pa òfin náà mọ́, mi ò purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ń gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń ti òkèèrè kí wọn. Ọjọ́ mẹ́rìnlá pé. Màmá mi fọ aṣọ, wọ́n gbá yàrá, wọ́n fúnra wọn ya káàdìbọọ̀dù náà kúrò, wọ́n sì jáde lọ kí gbogbo ilé.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ìyàwó ilé kan bímọ. Màmá mi kò dúró kí wọ́n pè wọ́n, wọ́n mú kànìnkànìn, wọ́n lọ. Ìyá ọkọ ọmọbìnrin náà pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní, "Màmá, ẹ kú ìrìn. A ti wẹ̀ ẹ́. Ẹ lọ sinmi." Ẹ̀ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni: "Màmá, ẹ sinmi." Ìdílé kan ní Èsìẹ́ tí màmá mi ti wẹ ọmọ mẹ́ta fún tún bí ìbejì, wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí màmá mi gbọ́. Ní ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí gbogbo wọn ti ń fi ife kan bu omi nínú àmù, wọ́n ra ife pupa tuntun fún màmá mi, wọ́n ní ẹ̀bùn ni. Kò sí ẹni tó bú wọn, ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Bí wọ́n bá bú wọn, màmá mi máa ń dá èébú padà, ẹnu wọn mú. Ṣùgbọ́n kí lo máa fi dá ẹni tó ní kí o sinmi lóhùn?

Nígbà tí àbúrò mi sọ fún mi, mo wọ ọkọ̀ pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́fà, mo gbéra lọ sílé. Ọ̀dọ̀ ìyáálé ilé wa ni mo kọ́kọ́ yà, torí àwọn ni àwọn obìnrin yòókù ń wò. Mi ò kúnlẹ̀ dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ni màmá mi ṣe fún wọn. Mo ní ta ló wẹ ọmọ wọn méjèèje. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Wọ́n ní, "Tíṣà, o parí? Ta ló kọ̀wé sára ilẹ̀kùn?"

Mo ní èmi ni.

"O kọ ọ́ pé ó ń ràn. Àwa kọ́ la sọ ọ́. Gẹ̀gẹ̀ wà lọ́rùn ìyá ẹ lọ́dún mẹ́ta, a gbé ọmọ wa fún wọn. Ìwọ tó o kàwé lo wá sọ fún wa pé ó ti ń ràn."

Mo ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo kọ.

"Ohun tó ń ràn, ìgbà wo ló ń ka ọjọ́?" Wọn kò pariwo. Ó dá wọn lójú pé àwọn ń ṣe mí lóore.

Ilẹ̀ ì bá lanu kí n wọlẹ̀. Mo bẹ olórí ilé, ó pe ará ilé jọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo dúró níwájú wọn bí ìgbà tí mo bá wà ní kíláàsì. Mo ní àrùn kọ́, mo ní ìmọ́lẹ̀ oògùn ni, bí oòrùn ló ṣe ń ràn, ó sì ti wọ̀. Wọ́n ń mi orí. Bàbá àgbàlagbà kan wá gbé ọwọ́ sókè, ó fi ọ̀wọ̀ bi mí pé, "Ọmọ mi, oòrùn tó wọ̀ lánàá, ṣé kò là lónìí?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Dókítà kò sọ ìyẹn fún mi.

Mo bínú sí bàbá yẹn. Mo bínú sí nọ́ọ̀sì, mo bínú sí ìyáálé, mo bínú sí àwọn ìyá ìjọ àti ife pupa wọn. Màmá mi ló sọ pé kí n yé dààmú. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní àárọ̀ kejì, wọ́n gbé ọwọ́ lé ikùn mi, wọ́n ní, "Ẹnu kò lè tún un ṣe. Bí wọ́n bá rí i pé mo wẹ ọmọ tìẹ, ó tán."

Òótọ́ ni. Èmi ni mo kọ̀wé náà. Bí èmi fúnra mi bá gbé ọmọ mi, àkọ́bí tí mo fi ọdún mẹ́fà wá, lé màmá mi lẹ́sẹ̀ lójú gbogbo ilé, ta ló tún kù tó máa ní ó ń ràn? A fẹnu kò pé Òmù-Àrán ni mo ti máa bímọ, pé inú agbo ilé la ti máa wẹ̀ ẹ́. Màmá mi ra ọṣẹ tuntun. Wọ́n bu òrí láti Àgbámú, wọ́n ní èyí tó wà lọ́jà kò mọ́. Nígbàkigbà tí mo bá pè wọ́n, ìbéèrè wọn ni pé, "Ó kù mélòó?"

Kí ọjọ́ mi tó pé, wọ́n tún ti lọ sí Ìbàdàn fún àyẹ̀wò. Dókítà tí mo bá sọ̀rọ̀ yẹn pè mí fúnra rẹ̀. Ó ní jẹjẹrẹ náà ti lọ, pé oògùn náà ti kúrò lára wọn tipẹ́tipẹ́. Mo bi í bóyá wọ́n lè wẹ ọmọ tuntun. Ó ní kí ló dé tí wọn ò fi ní lè wẹ̀ ẹ́. Títí di òní tí mò ń kọ èyí, wọ́n ń lọ fún àyẹ̀wò, kò sì sí nǹkan kan. Nítorí náà, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n dájú tó mi ní gbogbo Òmù-Àrán.

Mo bí ọmọbìnrin. Ọjọ́ kejì ni wọ́n dá wa sílẹ̀ ní ọsibítù. Ìyá ọkọ mi ti dé láti Àjàṣẹ́-Ìpo, àwọn ló jókòó tì mí nínú ọkọ̀. Nígbà tí a dé ilé, àwọn obìnrin ti pé sí ẹ̀yìnkùlé, ìyáálé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ní àwọn wá kí ọmọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ ohun tí wọ́n wá wò. Màmá mi ti jókòó sórí àpótí. Wọ́n ti ká ìró sókè dé orúnkún, omi ń ru èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ti na ẹsẹ̀ méjèèjì. Wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi náà wò. Wọ́n ní, "Ó yá, gbé ìyá mi wá."

Mo gbé ọmọ náà jáde láti inú yàrá. Mo rìn dé iwájú wọn. Ìyá ọkọ mi wà lẹ́yìn mi, wọ́n fi ẹnu kàn mí létí, wọ́n rọra ní, "Ìyàwó mi, ó dá ẹ lójú?"

Ì bá ṣe pé mo ní "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà." Kò ju ìyẹn lọ. Mo mọ̀ ọ́n. Dókítà ti sọ fún mi. Mo ti dúró níwájú gbogbo ilé, mo ti pè wọ́n ní aláìmọ̀kan nínú ọkàn mi. Màmá mi na ọwọ́ méjèèjì, mo wo ojú ọmọ yẹn, ọdún mẹ́fà, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún sì lọ sẹ́yìn. Ìgbésẹ̀ kan ni. Mi ò rò ó, mo kàn rí i pé mo ti gbé e, mo sì ti fa ọmọ náà mọ́ àyà.

Màmá mi rí i. Ọwọ́ wọn wà lókè díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà wọ́n fi nu ìró wọn, bí ẹni pé omi ta sí i. Mo fẹ́ padà síwájú. Mo tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti dìde lórí àpótí.

Wọ́n ní, "Àna mi, omi yìí á tutù. Ẹ wá jókòó."

Ìyá ọkọ mi jókòó, wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ náà kò mọ́ wọn lára. Màmá mi dúró ní ọ̀nà jíjìn díẹ̀, wọ́n ń fi ẹnu júwe fún wọn: ẹ di ọrùn rẹ̀ mú, ẹ má jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́ létí, ẹ rọra na apá. Mo ní, "Màmá." Wọn kò wo ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ní kí n lọ jókòó, pé ara mi kò tíì le.

Ọmọ náà ń ké. Mo wo ìyáálé, mo wo àwọn obìnrin yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí ní nǹkan. Kò sí ẹni tó bi mí. Ẹsẹ̀ mi ti dá wọn lóhùn.